Àkànní Kò Lọ sí Freetown

Oládípọ̀ ọmọ mi,

Èmi Alàgbà Olúwọlé ni mò ń kọ̀wé sí ọ, Baba Ìjọ, ọ̀gá àgbà tó fẹ̀yìn tì ní báńkì ní Marina, ẹni tí gbogbo ẹ̀yìn Ìgá Ìdúngànràn ń dìde kí, ẹni tí kì í jókòó sórí àga ẹ̀yìn níbikíbi. Mo wà lórí àga mi nínú pálọ̀. Mo ti wọ gíláàsì mi, mo sì ti wúkọ́ bí mo ṣe máa ń wúkọ́ tí ọ̀rọ̀ bá wúwo. Nítorí náà, gbé fóònù sílẹ̀, jókòó, kí o kà á dé òpin.

Mo gbọ́ pé iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Onikan ti bẹ̀rẹ̀, pé o ti gba yàrá síbẹ̀, níbi tí o kò ti ní máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ lálẹ́. O kú oríire. Ó yẹ kí n ti kí ọ lọ́jọ́ tí o ń kó ẹrù rẹ jáde nílé, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni mo gbé bojú lọ́jọ́ náà. O rò pé mò ń kà á ni. Mi ò ka nǹkan kan.

Lẹ́nu kan ṣá, kì í ṣe torí iṣẹ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Torí olú ni.

Olú gbígbẹ, irú èyí tó ń mú kí ènìyàn rí ìran, tó wà nínú ọ̀rá funfun lórí firíìjì rẹ ni mò ń wí. Má bèèrè ẹni tó sọ fún mi. Ẹni tó gbé fréjọ̀n wá fún ọ ní Gúùdù Fúráìdè, tó gbé abọ́ ẹ̀wà alágbọn gbígbóná láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Onikan láìda ẹyọ kan sílẹ̀, òun ló sọ ọ́. Má bá a jà. Ọmọ dáadáa ni, ó gbọ́n, ẹwà rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ni. Bàbá rẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ó ní o sọ fún òun pé ọ̀rẹ́ rẹ tó ń ya fọ́tò ló fún ọ. Pé àwọn dókítà ìlú òkèèrè ti ń fi irú olú yẹn tọ́jú àwọn tí ọkàn wọn ti fara gbọgbẹ́. Pé o máa jẹ ẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀, o máa ti ilẹ̀kùn, o máa pa fóònù. Pé o ti dá oògùn ọsibítù dúró, torí ọ̀rẹ́ rẹ ní àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé. Ó ní o ò bínú nígbà tí o ń sọ ọ́, o kàn ń wo ògiri, o wá ní, "Mo kàn fẹ́ kí ariwo yẹn dákẹ́ ni."

Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí o jẹ ẹ́. Má sì rò pé mo fẹ́ wàásù fún ọ. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ kì í ṣe èyí tí o ń rò.

Èkínní. O mọ ìtàn tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo máa ń sọ ọ́ ní gbogbo Kérésìmesì, ẹ̀yin ọmọ á sì máa ṣẹ́jú síra yín. Mo ń múra ìdánwò nígbà náà, ọ̀dọ́ ni mí, oorun ń kùn mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù fún mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì kan, ó ní ojú mi ò ní pa dé títí ìdánwò á fi parí. Òótọ́ ló sọ. Ojú mi ò pa dé. Mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, mo kọ, mo kọ, mo kọ ìwé kún, mo béèrè ìwé sí i, inú mi ń dùn pé mo ti gbẹ̀bùn. Nígbà tí olùkọ́ gbé ìwé náà hàn mí, orúkọ mi ni mo kọ láti òkè délẹ̀. Orúkọ mi nìkan. Ìkọ̀wé náà dára gan-an.

Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn kì í ṣe májèlé o. Dókítà ló kọ ọ́ fún ẹnì kan níbì kan, ó sì dájú pé ó wúlò fún onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ò mọ̀ mí bí dókítà ṣe mọ aláìsàn rẹ̀. Ó kàn fẹ́ràn mi ni. Ọ̀rẹ́ rẹ oníkámẹ́rà náà fẹ́ràn rẹ, mi ò jiyàn. Òun náà ò mọ bí ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Èkejì. Mo pe dókítà rẹ. Rọra, má tíì bínú. Mo fi ohùn mi yìí kí i, ohùn tó ń mú kí àwọn akọrin dìde kí n tó ní kí wọ́n dìde, obìnrin náà sì ń "sà" mí lọ, "sà" mí bọ̀. Mo bi í léèrè nípa rẹ. Ó ní, "Alàgbà, ẹ má bínú, Dípọ̀ ti dàgbà. Ohun tó bá bá mi sọ, ti èmi àti ẹ̀ ni." Kò sọ ìdajì gbólóhùn kan nípa rẹ. Mo ní mo gbọ́. Mo wá bi í nípa olú lápapọ̀, bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀.

Ó ṣàlàyé fún mi, kò sì fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní kì í ṣe irọ́. Ní àwọn ìlú kan, àwọn dókítà ti dán ohun tó wà nínú olú náà wò lára àwọn tí ìbànújẹ́ ti jókòó sí láyà fún ọdún púpọ̀, tí oògùn mìíràn ò gbé e kúrò. Àwọn kan ní ó dà bí ẹni ṣí fèrèsé nínú yàrá tó ti pẹ́ ní títì. Àwọn kan ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rù ba àwọn mìíràn gan-an, ara àwọn díẹ̀ tiẹ̀ burú sí i. Ìwádìí ṣì ń lọ, ó ní ẹni tó bá sọ pé ó ti parí ń tan ènìyàn jẹ. Òfin ilẹ̀ wa níbí ò sì tíì gbà á.

Ohun tó wá sọ tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o dì mú. Ó ní olú nìkan kọ́ ni ìtọ́jú náà. Kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti bá a jókòó lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n á bi í nípa oògùn tó ń lò. Lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn tó mọṣẹ́ á jókòó tì í nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, láti ìgbà tó bá gbé e mì títí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀. Wọn ò ní jáde lọ gba ìpè. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún máa bá a sọ̀rọ̀ lórí ohun tó rí. Ìwọ wá fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kí o pa fóònù.

Ó tún ní ìbéèrè kan wà tí wọn kì í fò. Ó ní, "Ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé tó ti gbọ́ ohùn tí kò sí ẹni tó ń sọ ọ́? Bó bá wà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí náà kì í gba onítọ̀hún wọlé, nítorí ó lè ṣí ilẹ̀kùn tó le láti tì."

Mo mọ̀ pé wọ́n á ti bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn ní ọsibítù, o sì ti dáhùn pé rárá, kò sí. O ò purọ́. Àwa la purọ́.

Ẹ̀kẹta, tó yẹ kí ó jẹ́ èkínní bí mo bá láyà.

O mọ fọ́tò tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó nídìí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, tó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àbúrò mi Àkànní ni. Ohun tí a sọ fún yín ni pé ó lọ bá àwọn ẹbí wa ní Freetown, níbi tí bàbá ńlá wa ti wá, pé ibà pa á sọ́hùn-ún, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Àkànní ò lọ sí Freetown. Kò kọjá àtẹ̀gùn ilé wa.

Ó kọ́kọ́ ń sọ pé ẹnì kan ń kọrin lábẹ́ dùùrù. A fi ṣe ẹ̀rín. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹni náà lóhùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ràn rẹ̀ fún un ní nǹkan tó máa fà àti ìgò nǹkan tó máa mu, pé ohùn náà á lọ. Ohùn náà di púpọ̀. Kò sí ẹni tó gbé e lọ sí ọsibítù nínú wa, nítorí pé ìdílé wa ní orúkọ, àga wa wà níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọbìnrin ilé ò sì tíì lọ́kọ. Wọ́n fi í sí yàrá òkè tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, a ní ó wà ní Freetown. A máa ń bá a kí ènìyàn. Bí Kérésìmesì bá dé, ìyá mi á ní, "Àkànní ní kí n kí yín láti Freetown o," àwọn ènìyàn á ní kí a bá àwọn kí i padà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kún pálọ̀. Obìnrin kan bèèrè bó ṣe ń ṣe sí. Ìyá mi ní ara rẹ̀ le, ó ń fi dùùrù dá wọn lára yá ní Freetown. Ohùn kan wá sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Kò pariwo. Ó ní, "Mo wà níbí o. Mo wà lókè."

Kò sí ẹni tó gbójú sókè. Gbogbo wọn ń wo ife tíì ọwọ́ wọn. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní bàtà dídán lẹ́sẹ̀, mo dìde, mo sì yí rédíò sókè.

Kò pẹ́ sí i tó kú. Ibà ló pa á lóòótọ́, ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́ nínú ìtàn náà. Dókítà ò wá wò ó, nítorí ẹni tó wà ní Freetown ò lè máa ṣàìsàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Rédíò pálọ̀ wa tí kì í kú, tí ẹ fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́ pé mo ń sùn pẹ̀lú ìròyìn, o ti mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ Àkànní wà lára rẹ. Èyí ò sọ pé ohun tó ṣe é ló ń ṣe ọ́. Ohun tó ń ṣe ọ́, a mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: lórí omi ni, nígbà tí ọkọ̀ tí o ń wà dojú dé, tí Wàsíù ọmọ ọkọ̀ rẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọgbẹ́ ni tìrẹ. Ṣùgbọ́n nǹkan tó lè fún ẹlòmíràn ní fèrèsé lè fún ìwọ ní ohun tó fún Àkànní. O ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ kí o tó gbé ohunkóhun sẹ́nu. Ó yẹ kí o ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí o ti lè dá wọ ọkọ̀.

Mi ò mọ nọ́ńbà tó kàn mọ́, ẹ̀kẹrin ni àbí ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ènìyàn tẹ́ ẹní sínú pálọ̀ wa, wọn ò jẹ́ kí n dá wà. Bí mo bá ń lọ wẹ̀, ẹnì kan á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, á máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù fún mi. Ó ń bí mi nínú nígbà náà. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé ìsọkúsọ bọ́ọ̀lù yẹn ló gbé mi dúró. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, a kì í jẹ́ kí ọlọ́fọ̀ dá jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Wàsíù kú, ilé wọn ní Òkè Àrìn ni gbogbo ayé lọ jókòó sí, bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó jókòó tì ọ́. Wọ́n ní ìwọ lo yè. Èmi bàbá rẹ, tí o wọlé wá bá pẹ̀lú omi ọ̀sà lára rẹ, mo ní, "Ọkùnrin ni ọ́, ó máa kọjá." Mo wá yí rédíò sókè.

Kò kọjá.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe. Má jẹ olú náà ní Sátidé. Gbé ọ̀rá náà lọ fún dókítà rẹ. Mo bi í bóyá òun á pe ọlọ́pàá bí ẹnì kan bá gbé irú ẹ̀ wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò kọ́ṣẹ́ ìyẹn. Sọ fún un pé o ti dá oògùn dúró, má fi pamọ́, nítorí ó ní ìdádúró òjijì lè da ara rú ju àìsàn lọ. Sọ fún un pé o ní bàbá kékeré kan tó ń jẹ́ Àkànní. Bí oògùn tó fún ọ ò bá ṣiṣẹ́, sọ fún un pé kò ṣiṣẹ́. Ó ní oògùn mìíràn wà, ó ní ìtọ́jú kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n á rọra mú ọ padà sórí omi yẹn nínú ọ̀rọ̀ títí ara rẹ á fi gbà pé o ti gúnlẹ̀. Bí òfin bá yí padà lọ́jọ́ kan, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ní ó dára fún irú ìwọ, mi ò ní dí ọ lọ́nà. Ó lè má dára fún irú ìwọ láé. Ìyẹn dunni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìparí.

Bí ariwo náà bá pọ̀ jù kí o tó débẹ̀, tí ayé sì sú ọ, má dá jókòó. Máa bọ̀ nílé. Kò sí wákàtí tí ilẹ̀kùn wa ò lè ṣí.

Bọ̀dá Dípọ̀, ẹ ti mọ̀, àbí? Láti ibi fréjọ̀n ni ẹ ti mọ̀.

Èmi ni, Ìbídùn. Ohùn Daddy tí mo fi pè yín lórí fóònù ní jẹ́tì nígbà kan pé kí ẹ sáré wálé, tí ẹ sáré dé tí ẹ bá mi lórí àga ẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì ẹ̀ lójú, òun náà ni mo fi kọ gbogbo èyí. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gba nǹkan kan lẹ́nu mi, èmi tí mi ò parí SS2. Èmi ni mo pe dókítà. Èmi náà ni mo pe Màmá Campos, ẹ̀gbọ́n Daddy, lẹ́yìn tí dókítà bèèrè ìbéèrè yẹn tí mi ò mọ èsì ẹ̀. Mo fi ohùn Daddy sọ fún un pé ara Dípọ̀ ò yá. Mo ti ń di ẹ̀rín mọ́nú.

Màmá ní, "Olúwọlé, ṣé o fẹ́ kí ti ọmọ yìí rí bíi ti Àkànní ni?"

Mo ní, "Ti Àkànní báwo?"

Wọ́n ní, "Ìwọ lo yí rédíò sókè. Àbí o ti gbàgbé?"

Ẹ̀rín mi kú. Mi ò lè sọ pé èmi kọ́ nìyẹn. Mo ní, "Mi ò gbàgbé." Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo ẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ìpè yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Mo ka lẹ́tà yìí fún Daddy lánàá. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà kí n lè rí ibi sá gbà. Ohùn ẹ̀ ni mo fi kà á, torí tí mo bá fi tèmi kà á, mi ò ní lè parí ẹ̀. Ní ibi tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ní orúkọ nìkan kọ́ lòun kọ, òun kọ déètì náà. Ní ibi Àkànní, ó dìde. Mo ti di ilẹ̀kùn mú. Ó kọjá lára mi, ó lọ síbi rédíò, ó pa á.

Bọ̀dá mi, mi ò gbọ́ bí pálọ̀ wa ṣe ń dún rí tí kò bá sí rédíò. Àtẹ̀gùn máa ń dún.

Ó ní kí n fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, kí n má yọ nǹkan kan. Ó ní òun ń bọ̀ ní Onikan láàárọ̀ Sátidé, òun á jókòó tì yín, ibi tí dókítà bá sì wà lẹ́yìn ìyẹn, òun á bá yín dé bẹ̀. Ó wá wo òkè, ó pe orúkọ yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe pè é létí omi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, nígbà tí a dúró sí jẹ́tì tí wọn ò tíì rí yín.

Mo ti dán an wò nínú bálùwẹ̀ láti àárọ̀. Gbogbo ohùn ẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, àfi ìyẹn. Tó bá kanlẹ̀kùn ní Sátidé, ẹ ṣí i fún un, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀.

Àbúrò yín,
Ìbídùn